Ẹni Tó Dè Wá Kọ́ Ni Yóò Dá Wa Lẹ́jọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a kò lè parí ní ìpàdé ẹ̀ka tó kọjá ni mo gbé wá sínú ìwé ìròyìn wa. Nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tírélà ẹ̀ka wa gbé ẹrù lọ sí ìhà Àríwá-Ìlà-Oòrùn, níbi tí ìjọba ti ń bá Boko Haram jà láti ọdún 2009. Níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n bá àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò sí nínú wébíìlì. Wọ́n bi í pé ta ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún. Ó ní ẹrù oníṣòwò kan tí òun gbà lójú ọ̀nà ni. Wọ́n ní irọ́ ni, pé àwọn tó wà nínú igbó ló ń gbé e lọ fún. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ máa lọ, wọ́n sì mú òun. Oṣù méje nìyí. Wọn kò gbé e lọ sí kóòtù kankan. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò jẹ́ kí ó fojú kàn án. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, àbíkẹ́yìn wọn kò tíì máa rìn nígbà tí bàbá rẹ̀ gbéra.

Àbá tí a gbé kalẹ̀ ní ìpàdé ni pé kí ẹ̀ka yọ owó nínú àpò ìrànlọ́wọ́, kí a fi gba lọ́yà tí yóò bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ó pàṣẹ fún àwọn tó mú un láti gbé e wá, kí wọ́n sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kíá ni ilé dàrú. Bàbá kan nínú wa ní ogun ni wọ́n ń jà lọ́hùn-ún, pé ẹni tí wọ́n bá mú lójú ogun kì í ṣe olè adìyẹ tí à ń gbé lọ sí kóòtù. Ẹlòmíràn ní kí a má ṣe fi owó ẹgbẹ́ ra wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wa kan dìde, ẹni tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ sójà tó kú sí Borno. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Àbúrò mi tí wọ́n pa, kóòtù wo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi tí mo jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́, tí ẹnu mi kì í sinmi níwájú máníjà, n kò rí èsì fọ̀. A sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo lọ, n kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n mo ka ohun tí mo lè kà, mo sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Èsì mi nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn tó pa àbúrò yín kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, kí òfin fi ìyà tó tọ́ jẹ wọ́n, n kò ní bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo ní fún yín: ṣé àwọn tó pa á gan-an ni wọ́n mú? Bí ó bá jẹ́ awakọ̀ tí kò mọ ọwọ́ mọ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé, ta ló wá ń wá apànìyàn náà? Ó wà níta síbẹ̀, ó ń ki ọta bọ ìbọn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Adájọ́ tí à ń béèrè fún kì í ṣe ẹ̀bùn fún ọ̀tá. Asẹ́ ni. Òun ló ń ya ọ̀tá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n ṣèèṣì mú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa ná. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ní ọmọkùnrin kan ní sítọ̀ jí wáyà. Àwọn sikiọ́ríìtì tì í mọ́ yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti tẹ ìwé tí wọn yóò fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. A ní rárá, ẹ fún un ní kúẹ́rì, kí ó fèsì, kí a sì jókòó. Nígbà tí a jókòó, a ní kí wọ́n gbé ìwé sítọ̀ wá. Inú ìwé yẹn ni a ti rí i pé wáyà náà ti lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ kejì, tí ọ̀gá kan sì ti fọwọ́ sí i. Ìwà ìkà kọ́ ló mú ọ̀gá sikiọ́ríìtì ṣe ohun tó ṣe. Tọkàntọkàn ni ó fi gbà pé olè ni òun mú. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tó bá mú ènìyàn ti gbà pé ó jẹ̀bi kí ó tó mú un. Ìdí nìyí tí kò fi lè jẹ́ adájọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Bàbá wa ní ti ogun yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, n kò ní jiyàn rẹ̀. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949, tí gbogbo orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí, gbà pé bí orílẹ̀-èdè méjì bá ń jagun, ẹni tó mú ọmọ ogun ọ̀tá lè fi í sí àhámọ́ títí ogun yóò fi parí láìgbé e lọ sí kóòtù. Ọmọ ogun náà kì í ṣe ọ̀daràn. Ó wọ aṣọ ogun, ó ní nọ́mbà, ó ní ọ̀gá, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà sọ pé bí iyèméjì bá wà nípa irú ẹni tí wọ́n mú, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n ogun títí ìgbìmọ̀ tó ní àṣẹ yóò fi jókòó, tí yóò sì pinnu. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Inú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ogun ti Àríwá-Ìlà-Oòrùn wá le ju ìyẹn lọ, nítorí kò sí aṣọ tí a fi lè dá ọ̀tá mọ̀. Àgbẹ̀ àti agbébọn, awakọ̀ àti agbódegbà, ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Níbi tí iyèméjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí a ti pa ìgbìmọ̀ tì?

Àríyànjiyàn tiwa yìí, àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ara wọn jà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n ṣí àhámọ́ kan ní Guantánamo, lórí ilẹ̀ Cuba, ní oṣù kìíní ọdún 2002. Nǹkan bí 780 ènìyàn ló gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba wọn ní ọ̀tá ni gbogbo wọn, pé orí ilẹ̀ àjèjì sì ni wọ́n wà, nítorí náà kò sí kóòtù Amẹ́ríkà tó lè béèrè ìdí.

Ọ̀kan nínú wọn ni Lakhdar Boumediene, ọmọ ilẹ̀ Algeria. Iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́dọ̀ àjọ aláàánú Red Crescent ní ìlú Sarajevo ní ilẹ̀ Bosnia. Wọ́n mú òun àti àwọn márùn-ún míràn, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ju bọ́ǹbù sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà. Kóòtù Bosnia wádìí, kò rí nǹkan kan, ó ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Dípò kí wọ́n lọ sílé, wọ́n fà wọ́n lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, wọ́n sì kó wọn lọ sí Guantánamo. Ọdún ń gorí ọdún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ti ilé ẹjọ́ gíga jù lọ pín sí méjì, márùn-ún sí mẹ́rin. Àwọn márùn-ún ní àwọn tó wà ní Guantánamo ní ẹ̀tọ́ láti béèrè níwájú adájọ́ ìdí tí wọ́n fi dè wọ́n. Adájọ́ Antonin Scalia wà lára àwọn mẹ́rin tó kọ̀. Ó kìlọ̀ pé ìdájọ́ náà yóò jẹ́ kí wọ́n pa ọmọ Amẹ́ríkà sí i. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ̀gbọ́n wa wí ni òun náà wí.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú adájọ́? Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù náà ti fò lọ, ìjọba fúnra rẹ̀ kò mẹ́nu bà á mọ́. Adájọ́ Richard Leon, ẹni tí Ààrẹ Bush fúnra rẹ̀ yàn sípò, wo ohun tó kù lọ́wọ́ wọn, ó ní kò tó láti fi de ènìyàn. Ó ní kí wọ́n tú márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà náà sílẹ̀, ó sì ní kí ẹnì kan dúró. Oṣù karùn-ún ọdún 2009 ni Boumediene jáde. Ó ti lo ju ọdún méje lọ. Ẹ kíyè sí i pé adájọ́ náà kò kàn ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Ó sẹ́ wọn ni.

Òtítọ́ ni pé àwọn díẹ̀ nínú àwọn tó kúrò ní Guantánamo padà sí ìjà. N kò ní fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìjọba fúnra rẹ̀ ló tú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ sílẹ̀, ní yàrá ìkọ̀kọ̀, láìsí adájọ́ tó gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Ibi tí kò bá ti sí asẹ́, èèpo lè bá ọkà lọ, ọkà sì lè bá èèpo lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ìjọba wa kó àwọn adájọ́ lọ sí bàráàkì sójà ní Kainji láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n mú lórí ọ̀rọ̀ Boko Haram. Lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìdájọ́ gbé iye rẹ̀ jáde. Ènìyàn 575 ni wọ́n gbé wá. Àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ já mọ́ lọ́wọ́ jẹ́ 45. Àwọn 468 ni kóòtù dá sílẹ̀ pé kí ìjọba kọ́kọ́ fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìyípadà ọkàn kí wọ́n tó darapọ̀ mọ́ ará ìlú. Ó dá 34 míràn sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé 28 tó kù lọ gba ìdájọ́ níbòmíràn.

Ẹ ṣírò rẹ̀ bí a ti máa ń ṣírò owó oṣù wa. Nínú ènìyàn 575, 502 ni kóòtù kò rí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Inú bàráàkì ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹnu ilẹ̀kùn sì ni wọ́n dá àwọn oníwèé ìròyìn dúró sí, nítorí náà n kò ní pè é ní àwòkọ́ṣe. Síbẹ̀ ó sàn ju kí a má gbọ́ rárá. Àwọn 45 gba ìyà wọn. Bí adájọ́ kò bá lọ, ta ni ìbá mọ 45 yàtọ̀ sí 502? Mo sì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin awakọ̀: nínú àwọn 502 wọ̀nyẹn, ṣé ó dá yín lójú pé kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀?

Ẹni tó ní kí a má fi owó ẹgbẹ́ ra wàhálà béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ogun. Arákùnrin, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí èmi àti ìwọ. Michael Imoudu ni aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ réluwè. Ní ọdún 1941, ó ṣáájú wọn, wọ́n wọ́ lọ bá gómìnà ní ilé rẹ̀ ní Èkó, nítorí ogun ti mú kí ọjà gbówó lórí, owó iṣẹ́ kò sì tó jẹun mọ́. Ní ọdún 1943, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi mú un, wọ́n sì lo òfin ìgbà ogun fún un. Ẹ̀wọ̀n Benin ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, lẹ́yìn náà wọ́n lé e lọ sí Auchi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Kò sí kóòtù tó dá a lẹ́bi. Ṣé Hitler ló ń ṣiṣẹ́ fún ni? Owó oúnjẹ ló ń béèrè. Oṣù kẹfà ọdún 1945 ni ó padà wọ Èkó, èrò sì ya lọ pàdé rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti bẹ́ sílẹ̀. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin, níbi tí àwọn kan nínú wa ti lọ gba ìwé-ẹ̀rí.

Àwọn Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Òfin tó gba ìjọba láàyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìsọ ìdí kì í bá ogun lọ nígbà tí ogun bá lọ. Òfin kejì tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1984 gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí kóòtù má dá sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1994, wọ́n mú Frank Kokori, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, ẹgbẹ́ tí àwọn awakọ̀ tánkà wà nínú rẹ̀. Kò sí ogun ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìyanṣẹ́lódì ni wọ́n ṣe. Oṣù kẹfà ọdún 1998 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn ikú Ọ̀gágun Abacha, láìgbé e lọ sí kóòtù kankan. Ẹni tó bá ní kí a má bèèrè ìdí lónìí nítorí pé awakọ̀ kan ni, kí ó rántí pé àjà kan náà ni pàṣán wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé àṣà òyìnbó ni à ń tọrọ. Lára ọba Èkó ni wọ́n ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ọdún 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Ọba Èṣùgbàyí, Elékòó, lórí oyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé London. Ní ọdún 1931, adájọ́ kan tó ń jẹ́ Lord Atkin sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú kóòtù pé òfin ló fún òun láṣẹ. Ọba padà sí Èkó lọ́dún náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, bọ́ǹbù Jámánì ti bà lé London, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń ti àwọn ènìyàn mọ́lé láìsọ ìdí. Ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Liversidge dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà márùn-ún. Mẹ́rin ní ogun ni, kí a fi í sílẹ̀ fún mínísítà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀, Lord Atkin yìí kan náà ni. Ó ní ohùn tí òfin fi ń sọ̀rọ̀ nígbà àlàáfíà náà ló gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀ nígbà ogun. Wọ́n bínú sí i gidigidi nígbà náà. Nígbà tó pẹ́, àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ náà gbà pé òun ló tọ̀nà.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere ní abala 35: ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, bí ó bá jìnnà, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí adájọ́ bá rí i pé ó tọ́. Abala 45 gbà pé bí pàjáwìrì bá dé, àwọn aṣòfin lè ṣe òfin tó dín ẹ̀tọ́ yìí kù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí ọ̀ràn náà béèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ oṣù méje, kí wọ́n wá sọ fún adájọ́ ìdí tí oṣù méje fi yẹ. Bí ohun àṣírí ogun bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ létí adájọ́ nìkan. Gbogbo ohun tí à ń béèrè kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin ará, n kò sọ pé awakọ̀ wa kò ṣẹ̀. Èmi kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ó rú òfin ilé iṣẹ́ nígbà tí ó gbé ẹrù tí kò sí nínú wébíìlì, gbogbo wa la sì mọ ìdí tí awakọ̀ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: owó ìrìn-àjò tí wọ́n ń fún un kì í tó o. Ó lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun oníṣòwò ni lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ó mọ ẹni tó ni í. Bí ó bá ṣẹ̀, kí adájọ́ sọ iye ọdún tí yóò lò, kí ìyàwó rẹ̀ lè mọ̀ kí ó sì gba kádàrá. Bí kò bá ṣẹ̀, kí ó wá máa bọ́ ọmọ rẹ̀. Èyí tí kò dára ni kí ó wà níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ bóyá ẹlẹ́bi ni tàbí aláìlẹ́bi, kí àwọn ọmọ máa bèèrè bàbá wọn, kí àwa sì máa gba owó ẹgbẹ́ tí ó ti san láti ọdún wọ̀nyí sínú àpò.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, a óò tún gbé àbá náà dìde, a óò sì nawọ́. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ wá. Ẹ̀yin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, ẹ bá ẹnìkejì yín pààrọ̀ àsìkò. Ẹ̀gbọ́n mi tí àbúrò yín kú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí jù. Mo fẹ́ kí ẹ jókòó níwájú, kí ẹ sọ̀rọ̀ kí èmi tó sọ̀rọ̀, kí gbogbo ilé sì gbọ́ yín dé òpin. Bí ẹ bá sì nawọ́ lòdì sí àbá náà lẹ́yìn tí ẹ ti gbọ́ tèmi, n kò ní bínú. A óò ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì kí a tó dá a. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe fún awakọ̀ wa náà nìyẹn.

Èmi ni tiyín nínú ìjà òṣìṣẹ́,
Aṣojú Òṣìṣẹ́